Ṣé Ọ̀nà Márosẹ̀ Tuntun Ń Dín Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Kù, àbí Ó Ń Dá Kún Un? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Nígbàkúùgbà tí ìjọba bá kéde ọ̀nà tàbí afárá tuntun ní Èkó àti agbègbè rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn. A kó wọn jọ síbí pẹ̀lú ìdáhùn wọn, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó.

Kí ni ó ń fa sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ gan-an?

Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ máa ń wáyé nígbà tí iye ọkọ̀ tó fẹ́ kọjá níbì kan láàárín wákàtí kan bá ju iye tí ibẹ̀ lè gbà lọ. Ìlà ọkọ̀ kan lórí ọ̀nà márosẹ̀ tó dán, ìyẹn àyè tí ọkọ̀ kan ṣoṣo lè gbà tí òmíràn yóò sì tẹ̀ lé e, lè gba nǹkan bíi 2,000 ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní wákàtí kan. Bí 1,900 bá wá, gbogbo wọn yóò kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí 2,200 bá wá, igba tó ṣẹ́kù yóò tò, àwọn tó tún ń bọ̀ yóò sì tò sẹ́yìn wọn. Nígbà tí ọkọ̀ bá wá ń dúró tí ó ń ṣí, iye tí ọ̀nà náà ń gbé kọjá yóò tún wálẹ̀ sí i, ìdí sì nìyí tí ìdádúró kékeré kan ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ fi lè di wàhálà tí kò ní tú kí aago mẹ́wàá tó lù.

Ibi tó há jù lọ ni ó ń pinnu bí gbogbo ọ̀nà yóò ṣe rí. Ọ̀nà lè fẹ̀ bí pápá ìṣeré. Bí ó bá já sí oríta kan tó há, tàbí ibùdókọ̀ tí dánfó ti ń kó èrò lójú títì, tàbí kòtò tí omi òjò bò mọ́lẹ̀, iye tí ojú ibẹ̀ bá lè gbà ni gbogbo ọ̀nà náà lè gbà.

Bí ó bá jẹ́ pé àyè ni kò tó, ṣé fífẹ ọ̀nà kọ́ ni oògùn rẹ̀?

Bí iye ọkọ̀ bá dúró síbi tó wà, oògùn rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìrírí àwọn ìlú ńláńlá fi hàn pé iye ọkọ̀ kì í dúró. Ọ̀nà ọ̀fẹ́ dà bí oúnjẹ sàráà: bí wọ́n bá ń fún ogójì ènìyàn, ogójì ni yóò tò, bí wọ́n bá gbé ìkòkò kejì kaná, ọgọ́rin yóò yọjú, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni ebi ń pa nílé tó jẹ́ pé gígùn ìtò yẹn nìkan ló dá wọn dúró. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ fúnra rẹ̀ ni ó ń lé àwọn kan kúrò lójú ọ̀nà. Bí ó bá ti dín kù, ohun tó ń lé wọn ti kúrò nìyẹn.

Anthony Downs, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Amẹ́ríkà, ti kọ èyí sílẹ̀ láti 1962. Ohun tó sọ ni pé lórí ọ̀nà márosẹ̀ inú ìlú ńlá, ọkọ̀ yóò máa pọ̀ sí i ní wákàtí ìwọ́wọ́, ìyẹn ìgbà tí gbogbo ènìyàn ń lọ síbi iṣẹ́ tàbí tí wọ́n ń padà, títí yóò fi kún ọ̀nà náà dé ẹnu.

Níbo ni àwọn ọkọ̀ tó kún ọ̀nà tuntun ti ń wá?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, nítorí náà àwọn tó kọ́kọ́ ń dé ni àwọn tó ń gba ibòmíràn tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ti yí àkókò wọn padà nítorí ìtò. Èkó kún fún òṣìṣẹ́ tó ń jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀, tó ń parí oorun rẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú ibi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí afárá tuntun bá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyè láti kúrò nílé ní aago mẹ́fà, yóò ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè bá a wí. Àwọn kẹta ni àwọn tó ń wọ ọkọ̀ èrò tẹ́lẹ̀ tí wọ́n wá rí i pé ọkọ̀ tara ẹni ti yá jù ú lọ.

Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí lè dé láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ̀kẹrin kì í tètè dé, ṣùgbọ́n òun ni ó lágbára jù: ilẹ̀ ni. Bí ọ̀nà bá ti là dé ibì kan, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ yóò ti ṣáájú kátakátá débẹ̀. Ilé yóò hù, ilé ìjọsìn àti ilé epo yóò tẹ̀ lé e, àwọn tí kò lè san owó ilé ní Ìkẹjà tàbí Súrùlérè yóò kó lọ síbẹ̀, gbogbo wọn yóò sì gba ọ̀nà yẹn kan náà padà wá síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ìrìn àjò tí kò sí láyé tẹ́lẹ̀ ni wọ̀nyí. Ọ̀nà ni ó bí wọn.

Ẹ̀rí wo ni ó wà pé bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí lóòótọ́?

Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa tó ń gbé ní Houston, ìpínlẹ̀ Texas, mọ Katy Freeway dáadáa. Wọ́n parí fífẹ ọ̀nà náà ní 2008 pẹ̀lú nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.8 dọ́là, àwọn ibì kan sì wà lórí rẹ̀ tí ìlà ọkọ̀ rẹ̀ tó 26 bí a bá ka àwọn ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn. Láàárín 2011 sí 2014, àkókò tí ènìyàn ń lò lórí rẹ̀ ní wákàtí ìwọ́wọ́ òwúrọ̀ fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún gùn sí i, ti ìrọ̀lẹ́ sì fi nǹkan bí ìdá 55 gùn sí i.

Houston nìkan kọ́. Gilles Duranton àti Matthew Turner, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ṣe àyẹ̀wò àwọn ìlú Amẹ́ríkà láti 1983 títí dé 2003, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011. Wọ́n rí i pé bí ọ̀nà márosẹ̀ ìlú kan bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ìrìn tí ọkọ̀ ń rìn lórí àwọn ọ̀nà náà yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá pọ̀ sí i pẹ̀lú, èyí tó túmọ̀ sí pé ìtò kò kúrò níbi tó wà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n parí ọ̀nà márosẹ̀ M25 tó yí ìlú náà ká ní 1986, ó gùn tó 188 kìlómítà, kò sì pẹ́ rárá kí ọkọ̀ tó ń gbà á fi ju iye tí wọ́n là á fún. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fẹ̀ ẹ́, tí apá kan rẹ̀ nítòsí pápá ọkọ̀ òfuurufú Heathrow fi ní ìlà 12, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá ti gbà á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì mọ bó ṣe rí. Ní 1994, ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà jẹ́wọ́ ní gbangba pé ọ̀nà tuntun lè bí ọkọ̀ tuntun.

Nílé ńkọ́? Ṣé a ti rí irú rẹ̀ ní Èkó?

A ti rí i tó. Afárá Third Mainland, tó gùn tó kìlómítà 11.8, di lílò pátápátá ní 1990, ó sì wà lára àwọn afárá tó gùn jù lọ ní Áfíríkà. Èrò tó gbajúmọ̀ ni pé yóò gba ẹrù lórí Afárá Carter àti Afárá Èkó. Ó gbà á fún ìgbà díẹ̀. Lónìí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń kún ní òwúrọ̀ kan náà, a sì tún ń retí afárá kẹrin tó ti wà nínú ètò láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn.

Ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ tún hàn ketekete jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ̀ ẹ́ tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ibodè ní ìparí 2011, igbó àti ẹrẹ̀ ṣì pọ̀ lẹ́yìn Àjáh. Lẹ́yìn náà ni ẹ́sítéètì ti ń hù lọ láti Ṣàngótẹ̀dó dé Ìbẹ̀jú, tí èbúté òkun tuntun àti ilé iṣẹ́ ìfọpo ńlá sì ṣí níwájú ní 2023, tí ọkọ̀ àjàgbé fi wá kún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ọ̀nà ńlá kan ṣoṣo ni ó gbé gbogbo agbègbè náà. Ẹ́sítéètì kọ̀ọ̀kan fi géètì ti ara rẹ̀ pa, kò sí ọ̀nà inú tó so wọn pọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì ní ẹ́sítéètì kejì gbọ́dọ̀ jáde sí ọ̀nà márosẹ̀ kí ó tó débẹ̀.

Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, ni wọ́n là fún ìrìn àjò láàárín ìlú sí ìlú. Màgbòrò, Ibàfó, Àrẹ́pò àti Mowé ti sọ ọ́ di títì àdúgbò: ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sùn, Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà ni ó mú kí èyí ṣeé ṣe, ó sì mú kí ilé wà fún àwọn tí owó wọn kò ká ti Èkó. Oore gidi ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe oore yìí ní ìrìn tó yá.

Nígbà náà, ṣé òfo ni gbogbo owó tí a ná sórí ọ̀nà?

Rárá o. Ọ̀nà tó kún bí ti tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń gbé ènìyàn tó pọ̀ sí i ti ṣe iṣẹ́ kan. Ẹni tó ti rí iṣẹ́ gidi, ẹni tó ti rí ilé tí agbára rẹ̀ ká, ọlọ́jà tí tòmátì rẹ̀ ti dé Máìlì 12 kí ó tó bàjẹ́, gbogbo wọn jàǹfààní. Àwọn tó ń gbèjà Katy Freeway a sì máa sọ pé ènìyàn ti kún ìwọ̀ oòrùn Houston gan-an lẹ́yìn tí wọ́n fẹ ọ̀nà náà, pé wọn ìbá tún jìyà jù bẹ́ẹ̀ lọ bí kò bá sí i. Ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ gbà ni kí wọ́n fi ìlérí pé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ yóò dópin gba owó lọ́wọ́ ìlú. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà yìí yóò so oko pọ̀ mọ́ ọjà, kí a gbé e yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní ìrìn wákàtí méjì yóò di ogún ìṣẹ́jú títí láé, ní àárín ìlú tó ń dàgbà bí Èkó, ìlérí tí ọ̀nà kò lè mú ṣẹ ni.

Ṣé àtúnṣe ọ̀nà àti ìkọ́lé ọ̀nà tuntun jẹ́ ọ̀kan náà?

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, èyí sì ni apá tí a máa ń fojú fò jù. Dídí kòtò, ṣíṣe gọ́tà kí omi má baà gba ojú ọ̀nà, kíkó ibùdókọ̀ kúrò lójú títì sí ẹ̀gbẹ́, àti títètè wọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́ kúrò ń dá àyè tó ti wà tẹ́lẹ̀ padà. Wọn kì í ná tó ìdá kan bín-ín-tín nínú owó afárá ńlá. Ó dùn mí pé ayẹyẹ kì í sí fún gọ́tà tó ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kì í wu olóṣèlú púpọ̀.

Àpápá jẹ́ àpẹẹrẹ tó yẹ kí a rántí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ àjàgbé tò láti ẹnu èbúté dé ọ̀nà jíjìn, awakọ̀ ń sùn lábẹ́ ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Fífẹ ọ̀nà ibẹ̀ nìkan kò ní mú ọkọ̀ tètè wọlé, nítorí pé ẹnu ọ̀nà èbúté ni ó há. Ní 2021, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ pe ọkọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ibi ìgbọ́kọ̀sí tó jìnnà, èyí tí wọ́n pè ní Ètò. Ẹjọ́ ṣì wà lórí bí wọ́n ṣe ń lò ó, ṣùgbọ́n ibi tí àrùn wà gan-an ni wọ́n nawọ́ sí.

Afárá orí oríta ńkọ́?

Ó ń tú oríta tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń gbé ìtò lọ sí oríta tó kàn. Àwọn ará Ṣàngótẹ̀dó lè jẹ́rìí sí i láti ìgbà tí afárá Àjáh ti ṣí ní 2017. Bí àwọn oríta tó wà níwájú kò bá lè gba ohun tí afárá náà ń dà sí wọn, ibi tí a ti ń dúró nìkan ni ó yí padà.

Ọ̀nà tó yí ìlú ká ńkọ́, irú èyí tí wọ́n ń là ní Ìbàdàn?

Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dára: ọkọ̀ àjàgbé tó ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ilọrin láti Èkó kò ní iṣẹ́ kankan láàárín ìgboro Ìbàdàn. Ọ̀nà àyíká Ìbàdàn, tí gbogbo rẹ̀ yóò tó nǹkan bíi 110 kìlómítà, lè gbé irú wọn kúrò.

Ṣùgbọ́n ẹ wo M25. Wọ́n là á kí àwọn tó ń kọjá má baà wọ Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wá di ọ̀nà tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù fúnra wọn ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Bóyá ti Ìbàdàn yóò yàtọ̀ wà lọ́wọ́ ohun méjì: iye ibi tí ènìyàn lè gbà wọ̀ ọ́, àti ohun tí ìjọba bá gbà kí wọ́n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù bá ti kọjú sí i lọ́tùn-ún lósì, ó ti di títì ìgboro nìyẹn.

Kí ló dé tí títì máa ń dá nígbà ọlidé ilé-ìwé, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń lọ síbi iṣẹ́?

Nítorí pé ọkọ̀ díẹ̀ ni ó wà láàárín ọ̀nà tó ń lọ àti ọ̀nà tó dí. Ẹ rántí 1,900 àti 2,200 tí a sọ lókè. Nígbà ọlidé ilé-ìwé, àwọn òbí tó ń gbé ọmọ lọ sílé-ìwé nìkan ni wọ́n kúrò. Wọn kò pọ̀ tó ìlàjì ọkọ̀ ìlú, síbẹ̀ ìrìn wákàtí méjì lè di ìṣẹ́jú 45. Èyí jẹ́ ìròyìn ayọ̀, nítorí a kò nílò kí ìdajì ènìyàn jókòó sílé. Bí ìdá mẹ́wàá bá rí ọ̀nà mìíràn tàbí àkókò mìíràn gbà, ìyàtọ̀ yóò hàn sí gbogbo wa.

Ṣé ìjọba kò lè fi òfin dín ọkọ̀ kù ni?

Èkó ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ìjọba ológun pàṣẹ pé ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé pín sí méjì dọ́gba àti èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣeé pín bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà. Àwọn olówó ra ọkọ̀ kejì tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀, àwọn tálákà ni òfin náà sì mú. Ìlú Mexico ṣe irú rẹ̀ ní 1989, ohun kan náà sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: ọ̀pọ̀ ra ọkọ̀ kejì tó ti gbó, tí èéfín rẹ̀ sì pọ̀.

Bí a bá ń gba owó lórí ọ̀nà ní wákàtí ìwọ́wọ́ ńkọ́?

Nínú gbogbo oògùn tí ayé ti dán wò, èyí ni ó ń jẹ́ jù, òun náà sì ni àwọn ènìyàn kórìíra jù. Gbogbo wa la mọ ìtò epo. Nígbà tí epo bá wọ́n tí iye rẹ̀ sì wà nílẹ̀, a ó fi wákàtí san ohun tí a kò fi owó san. Ọ̀nà ọ̀fẹ́ ní aago méje òwúrọ̀ kò yàtọ̀ sí epo yẹn: a ń fi ìgbésí ayé wa san án.

Singapore bẹ̀rẹ̀ ní 1975, Lọ́ńdọ̀nù ní 2003. Ti Stockholm ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe kedere jù. Wọ́n dán an wò fún oṣù díẹ̀ ní 2006, ọkọ̀ tó ń wọ àárín ìlú fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró, ọkọ̀ tún pọ̀ sí i. Wọ́n dá a padà ní 2007, ó tún dín kù.

Ti Èkó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ibodè tí wọ́n gbà ní ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ títí di 2020 jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń san owó ìkọ́lé padà, inú sì bí àwọn ará ibẹ̀ nítorí pé wọn kò rí ọ̀nà mìíràn tó dára bẹ́ẹ̀ gbà. Èmi kò ní fọwọ́ sí i kí wọ́n gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ọkọ̀ èrò tó ṣeé fọkàn tán láti wọ̀. Kí ọkọ̀ èrò kọ́kọ́ wà, kí owó náà sì lọ sínú rẹ̀ ní gbangba, lẹ́yìn náà ni a tó lè sọ̀rọ̀.

Ṣé BRT, ìyẹn bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ìlà tirẹ̀, àti ọkọ̀ ojú irin yóò mú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kúrò?

Wọn kò ní mú un kúrò, ó sì yẹ kí àwa tí a fẹ́ràn wọn máa sọ bẹ́ẹ̀ láìfi pamọ́. Bí ọkọ̀ ojú irin bá kó ẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò lójú títì, àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ ń pe àwọn mìíràn bí ọ̀nà tuntun ṣe ń pè wọ́n. Duranton àti Turner kò rí i pé ọkọ̀ èrò dín ìrìn ọkọ̀ kù ní àwọn ìlú tí wọ́n yẹ̀ wò.

Ìyàtọ̀ wà níbòmíràn. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin kò sí nínú ìtò mọ́, bó ti wù kí títì dí tó. Láti Marina dé Mile 2, ọ̀nà kìlómítà 13 tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ń rìn láti 2023, kò gbà tó ìdajì wákàtí ní aago méje òwúrọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kò gbà tó o ní aago méjì ọ̀sán. Ohun kejì ni pé ọkọ̀ èrò tó yá ń fi odi sí ẹ̀yìn sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Bí ìtò bá ti gùn débi pé ọkọ̀ ojú irin ti yá jù ú lọ, àwọn kan yóò gbé ọkọ̀ wọn sílé, ìtò kò sì ní lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ èrò bá ṣe yá tó ni títì fúnra rẹ̀ yóò ṣe yá tó. Àmọ́ bí dánfó àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá jọ wà nínú ìtò kan náà, kò sí odi kankan.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Ìlà kan tí 2,000 ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbà, tí ènìyàn kan tàbí méjì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ń gbé nǹkan bíi 3,000 ènìyàn ní wákàtí kan. Bí ọkọ̀ BRT 100 bá gba ìlà kan náà, ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 36, tí èrò 70 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 7,000 ni. Nígbà tí BRT bẹ̀rẹ̀ láti Máìlì 12 dé CMS ní oṣù kẹta 2008, lórí kìlómítà 22 péré, kò pẹ́ tó fi ń gbé nǹkan bíi 200,000 èrò lójúmọ́, apá tó pọ̀ jù lọ lórí rẹ̀ sì jẹ́ ìlà tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Ìyàsọ́tọ̀ yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀. Ọkọ̀ aláṣẹ tó ń gba ìlà BRT pẹ̀lú fèrè àti iná ń jí àkókò àwọn tó wà nínú ọkọ̀ 100.

Ó yẹ kí a rántí pé a ti pẹ́. Gómìnà Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin ìgboro fún Èkó, ìjọba ológun sì fagi lé e ní 1985. Láti ọjọ́ náà títí di 2023, ọdún 38, afárá àti ọ̀nà ni a fi ń dí àlàfo ohun tí wọ́n fagi lé.

Ṣé òótọ́ ni pé pípa ọ̀nà kan rẹ́ lè mú ìrìn yá?

Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi gbogbo. Ní 1968, Dietrich Braess, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Jámánì, fi ìṣirò hàn pé ọ̀nà àbùjá tuntun lè mú ìrìn gbogbo ènìyàn falẹ̀: ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sáré sí àbùjá náà nítorí ire ara rẹ̀, gbogbo wọn yóò sì pàdé ní ibi méjì tó há tí àbùjá náà so pọ̀. Awakọ̀ Èkó tó ti tẹ̀ lé fóònù rẹ̀ wọ àdúgbò kan láti sá fún ìtò, tó sì bá ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ mìíràn tí fóònù wọn sọ ohun kan náà fún wọn, ti fojú ara rẹ̀ rí i.

Ní Seoul, olú ìlú South Korea, láti 2003 wọ́n wó ọ̀nà márosẹ̀ orí afárá kan tí ohun tó lé ní 160,000 ọkọ̀ ń gbà lójúmọ́, wọ́n sì ṣí odò tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ìlú kò dúró. Wọ́n tún ètò ọkọ̀ èrò wọn ṣe ní 2004, ìyẹn sì ni ìdí tí ó fi ṣeé ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wó ọ̀nà ní Èkó láìsí irú ìmúrasílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò dá ìyà lé ènìyàn lórí ni.

Àwọn òyìnbó ti kọ́ ọ̀nà tiwọn tán. Ṣé kì í ṣe ìrẹ́jẹ láti sọ fún wa pé kí a má kọ́ tiwa?

Ìbínú tó wà nínú ìbéèrè yìí tọ́. Houston ní ọ̀nà lọ súà kí ó tó máa fi tirẹ̀ kún un; ọ̀pọ̀ ìlú wa kò tíì ní ọ̀nà ọ̀dà tó so àdúgbò méjì pọ̀. Ẹ̀rí láti Amẹ́ríkà kò sọ pé ará Ìkòròdú kò nílò ọ̀nà, ẹni tó bá sì lò ó bẹ́ẹ̀ ti lò ó ní ìlòkulò.

Ohun tó yẹ kí a bi ara wa ni irú ọ̀nà tí a nílò. Ọ̀nà inú tó so àdúgbò pọ̀, títì tó ní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà, afárá kékeré lórí odò tó pín àdúgbò méjì níyà: ìwọ̀nyí ń kúrú ìrìn, wọ́n sì ń mú un kúrò lórí ọ̀nà ńlá. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Èkó ni kò ní ọkọ̀. Dánfó, BRT, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ẹsẹ̀ ni wọ́n ń lò. Ìrẹ́jẹ tó ga jù lọ́kàn mi ni kí a ná owó gbogbo wọn sórí ìlà ọkọ̀ tí àwọn díẹ̀ yóò kún láàárín ọdún mélòó kan, nígbà tí ìyá ọlọ́jà ń dúró nínú òjò ní Òṣòdì.

Kí ni kí a retí láti ọ̀dọ̀ ọ̀nà etíkun Èkó sí Calabar?

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2024, yóò sì gùn tó nǹkan bíi 700 kìlómítà bí wọ́n bá parí rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, ọ̀tọ̀ ni bí a ó ṣe wọn èrè rẹ̀, a kò sì lè fi ọ̀rọ̀ Katy Freeway dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n apá àkọ́kọ́ rẹ̀ bá ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Yóò gba díẹ̀ nínú ẹrù orí ọ̀nà yẹn níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ẹ́sítéètì kọ̀ọ̀kan bá ya ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ sí i, bí oníṣòwò ilẹ̀ bá tà á tán dé Ẹ̀pẹ́ láìsí ọ̀nà inú, ọ̀nà méjì tó kún ni a ó ní níbi tí a ti ní ẹyọ kan.

Ètò tí wọ́n kéde fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ ojú irin láàárín rẹ̀. Ojú àyè yẹn ni kí ẹ máa wò. Bí ó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìtò àkọ́kọ́ bá bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹnì kan yóò kọ́kọ́ dábàá ni pé kí wọ́n da ọ̀dà sí i, kí wọ́n fi ṣe ìlà ọkọ̀ mìíràn.